Àṣírí Tí Kò Ní Ẹ̀dà

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rò kí n tó dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́. Lọ́jọ́ kan báyìí, mo wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tẹ ìwé ní Ọ̀wọ̀ pé kí wọ́n bá mi tẹ lẹ́tà ojú ewé kan péré. Inú fláàṣì kan ni lẹ́tà náà wà. Ṣùgbọ́n fláàṣì kejì tún wà nínú àpò mi, èyí tí kò gbọdọ̀ kan ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni. Dúdú ni méjèèjì, bákan náà ni wọ́n sì ṣe tóbi. Ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Èyí tí kò gbọdọ̀ kan ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni ni mo fà yọ, òun ni mo nà sí ọmọkùnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀rọ náà wò ó, kò mọ̀ ọ́n. Ó béèrè pé ṣé kí òun fọ́ọ̀mátì rẹ̀. Ọmọ yìí ò bi mí léèrè o. Kí n tó la ẹnu, ó ti tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó ṣe, ó yíjú sí mi, ó ní, "Dádì, nǹkan kan ò sí nínú fláàṣì yín o."

Òótọ́ ló sọ. Nǹkan kan ò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ ènìyàn mọ́kànlá ló ti lọ yẹn.

Ta ni àwọn ènìyàn mọ́kànlá náà? Ẹni tó bá ń gbé agbègbè wa kò ní béèrè púpọ̀. Ọ̀nà tó ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ifọ́n, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, gbogbo wa la sì mọ bí ọkàn ṣe ń lù kìkì bí ọkọ̀ bá ti ń sún mọ́ Elégbèká. Ibẹ̀ ni àwọn oníbọn ti pa Olúfọ́n ti Ifọ́n, Ọba Adégòkè Adéùsì, ní ọjọ́ 26 oṣù November, ọdún 2020. Kò tó ọdún méjì sí i, ní ọjọ́ 5 oṣù June, ọdún 2022, wọ́n tún ya wọ ìjọ Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀ nígbà tí àwọn ènìyàn ń jọ́sìn, wọ́n sì pa àwọn ẹlẹ́ran ara bí ẹni ń pa adìẹ. Láti ìgbà náà, bí o bá bi ènìyàn ní ọ̀rọ̀ ajínigbé ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀, yóò kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó dá ọ lóhùn.

Èmi jẹ́ akọ̀ròyìn. Mo fẹ́ kọ ìtàn àwọn tí wọ́n ti gbé rí, àti ti àwọn tó ta ohun ìní wọn láti fi rà wọ́n padà. Abúlé ni mo ń lọ, láti ilé dé ilé. Mo ṣe ìlérí fún olúkúlùkù pé kò sí ẹni tó máa rí orúkọ rẹ̀. Ìlérí tó wúwo ni. Ẹni tó ń jí ènìyàn gbé lójú ọ̀nà lè gba àpò akọ̀ròyìn pẹ̀lú, orúkọ tó bá sì wà nínú àpò náà, ó ti di ti ẹni tó gba àpò. Ti ajínigbé nìkan kọ́ o. Ẹ ò gbàgbé ọjọ́ 6 oṣù January, ọdún 2019, tí àwọn sójà ya wọ ọ́fíìsì ìwé ìròyìn Daily Trust ní Abuja, tí wọ́n kó kọ̀ǹpútà wọn lọ. Ohun tó bá wà nínú kọ̀ǹpútà, àti ẹni tó bá akọ̀ròyìn sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́, gbogbo rẹ̀ lọ bá ẹni tó kó ẹ̀rọ lọ, àyàfi bí wọ́n bá ti tì í pa.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló gbà mí nímọ̀ràn. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ yéé kọ orúkọ àwọn ènìyàn sínú ìwé olójú ìlà yẹn. Ẹ lo Tails." Mo ní kí ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó, ó ṣàlàyé fún mi. Bí mo ṣe gbọ́ ọ náà ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín.

Tails jẹ́ odindi ètò kọ̀ǹpútà tó ń gbé inú fláàṣì. O fi fláàṣì náà sínú kọ̀ǹpútà, o tan ẹ̀rọ, Tails ni yóò jí, Windows tó wà nínú ẹ̀rọ ọ̀hún kò sì ní mọ̀ pé ẹnì kan wá. Bí o bá fẹ́ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀nà Tor ló máa gbà, ọ̀nà kọ́rọ́kọ̀rọ̀ tí kì í jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí ènìyàn ti ń bọ̀. Bí o bá sì pa ẹ̀rọ, gbogbo ohun tí o ṣe ni yóò gbàgbé pátápátá. Kódà, ìgbàgbé wà nínú orúkọ rẹ̀. Tails jẹ́ ìkékúrú The Amnesic Incognito Live System, amnesic yẹn sì túmọ̀ sí ẹni tí kì í rántí nǹkan. Ọdún 2009 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òun ni Edward Snowden àti àwọn akọ̀ròyìn tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ní 2013, Laura Poitras àti Glenn Greenwald, lò kí ìjọba Amẹ́ríkà má baà ráyè gbọ́ ohun tí wọ́n ń bá ara wọn sọ. Ní oṣù September, ọdún 2024, àwọn tó ṣe é àti àwọn tó ṣe Tor para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ọ̀fẹ́ ni. Wọn kì í tà á.

Ṣùgbọ́n akọ̀ròyìn tí kì í rántí nǹkan, irú akọ̀ròyìn wo nìyẹn? Nítorí náà, ní ọdún 2012 ni wọ́n fi àpótí kan kún un tí wọ́n ń pè ní Persistent Storage. Gbogbo ohun tí o bá kó sínú àpótí yìí nìkan ni Tails máa bá ọ tọ́jú. Ó sì fi àdìtú sí i, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ LUKS. Bí olè bá gbé fláàṣì náà, jágbajàgba lásán ló máa rí. Ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ nìkan ló lè sọ jágbajàgba yẹn di ìwé padà. Ní ọdún 2023, wọ́n tún àgádágodo náà rọ. Wọ́n mú LUKS2 àti ohun kan tó ń jẹ́ Argon2id wọlé, tó ń mú kí ẹni tó bá ń méfò ọ̀rọ̀ aṣínà náwó nára kó sì pẹ́ gan-an lórí èyí tó bá fẹ́ dán wò. Mo kí wọn fún ìyẹn. Iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ tó dára ni.

Ibi tí mo fẹ́ bá wọn jà sí nìyí.

Ọdún 2012 ni àpótí dé. Ìgbà wo ni ohun èlò tí a ó fi ṣe ẹ̀dà àpótí náà dé? Oṣù December, ọdún 2021, nínú Tails 4.25. Ẹ kà á. Ó lé ní ọdún mẹ́sàn-án. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ẹni tó bá fẹ́ ní ẹ̀dà ìpamọ́ ní láti ka ìlànà gígùn, kó máa tẹ àṣẹ sínú ojú dúdú kọ̀ǹpútà lẹ́tà lẹ́tà, kó má sì ṣi ẹyọ kan tẹ̀. Ẹni tó kàwé mẹ́wàá lè ṣe é. Èmi tí mo ka ìwé girama, tí mo sì fi ìka méjì tẹ̀wé, mi ò lè ṣe é.

Mo mọ ohun tó fa ìjáfara yìí, nítorí pé ohun tó ṣe èmi náà nìyẹn. Ẹni tó ń rọ àgádágodo, olè nìkan ló ń rò. Kò ro iná. Kò ro òjò. Kò ro ọmọkùnrin tó máa ń tẹ bẹ́ẹ̀ ni láì bi ẹni tó ni ẹrù. Lójú rẹ̀, bí olè kò bá ti lè wọlé, ilé ti pé. Àwọn àgbà wa mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀rọ̀ ọjà nìkan kọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ àṣírí náà ni.

Kí n má ṣe ìrẹ́jẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ Tails náà ní àwíjàre. Ẹ̀dà àṣírí tí a kò bá ṣe dáadáa, ìtúfó ni. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kí ohun èlò yìí tó dé rọrùn láti mọ̀. Nígbà tí àṣẹ títẹ̀ bá sú ènìyàn, yóò kàn da gbogbo ìwé inú àpótí sínú fláàṣì ọjà tí kò ní àgádágodo. Ẹ̀dà ti wà nìyẹn, ṣùgbọ́n àṣírí kò sí mọ́. Àbí kí ló dé tí ènìyàn fi ti ilẹ̀kùn iwájú ilé, tó sì ṣí ti ẹ̀yìn sílẹ̀? Ìdí tí mo fi ń sọ pé ohun èlò tó rọrùn kì í ṣe ohun afẹ́ nìyẹn. Bí pípa àṣírí mọ́ bá ti le jù, ẹni tó fẹ́ pa á mọ́ gan-an ló máa tú u.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun èlò náà fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn àdánù mi, mo ra fláàṣì méjì. Èyí tó kéré jù tí Tails gbà ni 8 GB. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì mí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. O máa fi fláàṣì àkọ́kọ́ tan ẹ̀rọ, o máa ṣí àpótí rẹ̀. O máa wá ki fláàṣì kejì bọ ojú ihò mìíràn, èyí tí Tails àti àpótí tirẹ̀ ti wà lórí rẹ̀. O máa pe ohun èlò náà, Back Up Persistent Storage. Yóò rí fláàṣì kejì, yóò béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ohun tó wà nínú èkíní sínú èkejì. Bí o bá tún padà wá ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ohun tó yí padà nìkan ló máa kó. Ní ọdún 2023, wọ́n tún un ṣe sí i: Tails Cloner, ohun èlò tí a fi ń bí fláàṣì láti ara fláàṣì, lè kọ́ èkejì kó sì kó ẹrù àpótí sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n tó ṣe ìyẹn, o gbọ́dọ̀ pa ẹ̀rọ, kó o fi fláàṣì kejì tàn án, kó o kọ́ àpótí síbẹ̀, kó o tún wá padà sórí èkíní.

Ohun mẹ́ta ni mo yìn nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́, kò gbé ẹrù rẹ lọ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Kò sí ilé ìṣẹ́ kan ní òkè òkun tó bá ọ tọ́jú ẹ̀dà, ọwọ́ rẹ ni méjèèjì wà. Ìkejì, ẹ̀dà náà ní àgádágodo tirẹ̀, kò wà ní ìhòòhò fún ìṣẹ́jú kan. Ìkẹta ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ̀dà yìí kì í ṣe àpótí lásán tó nílò ilé mìíràn kó tó ṣí. Odindi Tails ni. Bí ti àkọ́kọ́ bá kú lónìí, o lè fi èkejì tan ẹ̀rọ lọ́la kí iṣẹ́ máa lọ. Ẹni tó ronú kan ìyẹn ti bá ìjàǹbá pàdé rí.

Àléébù rẹ̀ náà wà, mi ò ní bò ó.

Ẹ̀dà yìí jẹ́ òjìji. Ohun tí òbí rẹ̀ bá ṣe ni òun náà máa ń ṣe. Bí o bá ṣèèṣì pa ìwé kan rẹ́ nínú èkíní, tó o sì pe ohun èlò náà láì tíì fura, yóò bá ọ pa á rẹ́ nínú èkejì pẹ̀lú. Ohun tó wà lánàá kò sí ní ìpamọ́, tòní nìkan ló mọ̀. Fún akọ̀ròyìn, ewu ńlá ni, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tí a ń sọ nù, ọwọ́ ara wa la fi ń pa á. Ó yẹ kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ẹ̀dà ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó kéré tán.

Èkejì, kì í dá ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ìwọ lo máa rántí pè é. Ẹ̀rọ tó fi ìgbàgbé ṣe orúkọ wá gbé ìrántí lé orí ènìyàn, ènìyàn tó sì ń sáré kiri Ipele, Ifọ́n àti Ìdóàní látàárọ̀, tó ń wá ọkọ̀ padà kí ilẹ̀ tó ṣú, kò ní rántí.

Ẹ̀kẹta, Tails kì í ṣiṣẹ́ lórí fóònù. Kọ̀ǹpútà nìkan ló wà fún. Ẹ sì mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, fóònù ni ọ́fíìsì ọ̀pọ̀ akọ̀ròyìn. Orí fóònù la ti ń gba ohùn ènìyàn sílẹ̀, ibẹ̀ la ti ń kọ ìròyìn. Kí ohùn náà tó dé inú àpótí àdìtú, ó ti sùn sínú fóònù ní ìhòòhò. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi ohun èlò tí mò ń yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù tí ohun èlò kankan ò lè bá wa yanjú, ìyẹn kọ́kọ́rọ́. Ní 1971, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ekpo Eyo wa ilẹ̀ Igbó Lájà níbí ní Ọ̀wọ̀, ó sì bá àwọn ère amọ̀ níbẹ̀ tí wọ́n ti wà láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ilẹ̀ pa wọ́n mọ́. Orí ènìyàn wà níbẹ̀, ẹranko wà, apá àti ọwọ́ wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ohun tí wọ́n fi ère kọ̀ọ̀kan ṣe àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀ ti kú, kò sì fi í lé ẹnì kankan lọ́wọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi ìtàn Ọ̀rọ̀nṣẹn méfò rẹ̀ títí di òní. Àpótí wà, kọ́kọ́rọ́ ló sọ nù. Bí o bá ṣe ẹ̀dà mẹ́wàá, tó o sì gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà, ère amọ̀ mẹ́wàá lo ní.

Àwọn tó ṣe Tails gbà wá níyànjú pé kí ọ̀rọ̀ aṣínà jẹ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ márùn-ún sí méje tí a ṣà láìronú, tí wọn ò bá ara wọn tan. Ìmọ̀ràn tèmi fún ọmọ Yorùbá ni pé kó má fi òwe ṣe é. Mo mọ̀ pé ohun tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn rẹ nìyẹn, nítorí òwe rọrùn láti rántí. Ṣùgbọ́n ohun tó rọrùn fún ọ láti rántí torí pé gbogbo ayé mọ̀ ọ́n, gbogbo ayé náà ló lè ṣí i. Oríkì ìdílé rẹ náà, má fi ṣe é. Fi iṣu, àkàbà, òṣùpá, kànrìnkàn àti ìgbín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ẹni orí rẹ̀ dàrú, kó o sì kọ́ ọ sórí. Ẹ má wá lo àpẹẹrẹ tèmi yìí o, ó ti di ti gbogbo ènìyàn.

Fláàṣì kejì ńkọ́? Kò gbọdọ̀ sùn nínú ilé tí èkíní sùn sí. Iná kan kì í bèèrè pé èwo ni ẹ̀dà. Ṣùgbọ́n bí ibi ìpamọ́ bá ti di méjì, ibi tí ewu lè gbà wọlé ti di méjì nìyẹn. Mo rò ó títí, ohun tí mo rí ni pé ewu méjì tí a ti àgádágodo mọ́ sàn ju àdánù kan tí kò ní àtúnṣe lọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí àwọn ènìyàn mọ́kànlá mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ọjọ́ méjì jà pẹ̀lú fláàṣì náà. Ó ní orí àpótí gan-an, níbi tí ojú kọ́kọ́rọ́ wà, ni ẹ̀rọ kọ nǹkan lé. Mo ṣì mọ ọ̀rọ̀ aṣínà mi dòní. Kò rí ibi tó máa ṣí mọ́.

Mo padà lọ bẹ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Àwọn mẹ́fà tún ìtàn wọn sọ fún mi. Àwọn mẹ́ta ní àwọn ò lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò sì bá wọn jiyàn. Ẹnì kan ti kó kúrò ní abúlé. Ẹnì kan tó kù ni Màmá kan tó ta oko kòkó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ láti fi ra ọmọ rẹ̀ padà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ bá a, ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì, ó dárúkọ igi oko náà bí ẹni ń dárúkọ ọmọ. Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Ọmọ mi, kọ ọ́ sílẹ̀ o. Ṣáà má kọ orúkọ mi." Nígbà tí mo padà dé, àwọn ọmọ rẹ̀ ní oṣù kejì rèé tí àwọn ti sin ín.

Ìlérí tí mo ṣe fún un, mo mú un ṣẹ. Orúkọ rẹ̀ kò hàn sí ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo sọ nù, ohun méjì ló sì fi lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà.

Ìdájọ́ mi lórí ohun èlò yìí nìyí. Ó pẹ́ kó tó dé, kò tíì pé, ṣùgbọ́n ó dára, ó sì rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tí èmi oníka méjì fi lè lò ó. Kí àwọn tó ṣe é fún un ní ìrántí ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí wọ́n sì jẹ́ kó máa pe àwa olùlò létí. Ẹ̀yin akọ̀ròyìn ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin agbẹjọ́rò, àti ẹnikẹ́ni tí ènìyàn ń fi àṣírí sí lọ́wọ́, ọjọ́ tí ẹ bá ra fláàṣì àkọ́kọ́ ni kí ẹ ra èkejì.

Tèmi ti wà ní méjì báyìí. Mo so òwú pupa mọ́ ọ̀kan, mo so funfun mọ́ èkejì, kí n má baà tún fa èyí tí kò yẹ yọ. Alaalẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo ń gbé wọn pàdé ara wọn. Fláàṣì tí lẹ́tà máa ń wà nínú rẹ̀, mo ti fi fún àwọn ọmọ ilé kí wọ́n máa fi gbọ́ orin.